Ta Ló Lè Rán Mi Níṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpéjọ àwọn ọmọ ìjọ ní Abẹ́òkúta

Alága wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin àlùfáà Ọlọ́run, ẹ̀yin bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ gbogbo, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jẹ́ ògo wa, mo kí yín ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Òkè-Ọnà wá, ẹ̀yin ará Gbágùrá, ẹ̀yin Òwu, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ará Aké tí ẹ gbà wá lálejò, ẹ kú àlejò ṣíṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó rántí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí aṣíwájú tí í ṣe ìránṣẹ́ àti bí onígbàgbọ́ ṣe lè máa hùwà rẹ̀ lójoojúmọ́.

Nígbà tí mo gba ìwé ìpè náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo dì mú nínú rẹ̀, òun náà ni "ìránṣẹ́". Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Rán, iṣẹ́: ẹni tí a rán ní iṣẹ́ ni ìránṣẹ́. Kì í ṣe ẹni tó ń rán ni, ẹni tí a ń rán ni. Ẹ wo àwọn pátákó ojú ọ̀nà láti Ìbarà dé Sápọ́n, láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá, ẹ óò rí i pé "ìránṣẹ́ Ọlọ́run" pọ̀ lára wọn. Orúkọ rere ni, n kò bá a jà. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé, ẹni tó ní Ọlọ́run ló ń rán òun níṣẹ́, ǹjẹ́ ọmọ ènìyàn kankan ṣì wà tó lè rán an?

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ ẹni ńlá láàrin wa, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Ẹni ńlá kì í gbé àpò ara rẹ̀. Ẹni ńlá kì í tò sórí ìlà. Bí ẹni ńlá bá wọlé, ẹni kékeré a dìde fún un lórí àga. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni ńlá kì í jíṣẹ́, ó ń ránṣẹ́ ni. Bí ipò ènìyàn ṣe ń ga sí i ni iye àwọn tó lè rán an ń dín kù, títí yóò fi dé ibi tí kò ní sí ẹnikẹ́ni mọ́ tó lè sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú nǹkan yẹn wá." Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pe ibẹ̀ ní òkè téńté. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ènìyàn ti bọ́ kúrò nínú ipò ìránṣẹ́. Nítorí náà ìbéèrè tí mo gbé wá rèé: Ta ló lè rán mi níṣẹ́? N kò ní ta ni mo lè rán. Ta ló lè rán èmi?

Iṣẹ́ ọmọ, iṣẹ́ ẹrú

Ẹ bá mi kálọ sí yàrá òkè, ní alẹ́ tó ṣáájú ikú Jésù, bí Jòhánù ṣe ròyìn rẹ̀ ní orí 13. Ọ̀nà eléruku ni ọ̀nà ìgbà náà, sálúbàtà ni wọ́n ń wọ̀, nígbà tí ènìyàn yóò bá sì fi dé ibi oúnjẹ, eruku á ti bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ẹrú inú ilé ni láti fọ ẹsẹ̀ àlejò. Omi wà níbẹ̀, àwokòtò wà níbẹ̀, aṣọ ìnura wà níbẹ̀. Ẹrú ni kò sí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọlé, wọ́n rí omi, wọ́n rí àwokòtò, olúkúlùkù sì wá ibi jókòó sí. Lúùkù wá fi kún un pé níbi oúnjẹ yìí kan náà ni wọ́n ti ń jiyàn nípa ẹni tí a ó kà sí ẹni tó tóbi jù nínú wọn. Ẹ rò ó wò: ẹsẹ̀ kò mọ́, ọ̀rọ̀ ipò sì wà lẹ́nu. Ǹjẹ́ a kò tíì jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí?

Jésù dìde nídìí oúnjẹ. Ó bọ́ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ sílẹ̀, ó fi aṣọ ìnura di ara rẹ̀ lámùrè, ó bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Pétérù, Pétérù fà sẹ́yìn, ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ láé. Bí Pétérù bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ohun tí yóò sọ náà nìyẹn. Kí ọ̀gá tẹ̀ ba níwájú ọmọ iṣẹ́, kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ẹrẹ̀ láàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, èèwọ̀ ni létí wa. Júdásì náà sì wà níbẹ̀. Jésù mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, síbẹ̀ ó fọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ bí ó ṣe fọ ti àwọn tó kù.

Àwọn àgbà wa ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú. Bí wọ́n bá rán ọ bí ẹni rán ẹrú, ìwọ má jẹ́ ẹ bí ẹrú. Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe, kí o sì jẹ́ ẹ tiyì-tẹ̀yẹ. Ẹ wá wo Jésù. Baba rán an níṣẹ́ ọmọ, ó fi tẹrú jẹ́ ẹ. Pọ́ọ̀lù sọ èyí fún àwọn ará Fílípì pé ó bọ́ ògo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú àwòrán ìránṣẹ́ wọ̀.

Kí ló mú kí ó lè ṣe é? Jòhánù kò fi wá sílẹ̀ láìdáhùn. Kí ó tó sọ̀rọ̀ omi àti aṣọ ìnura, ó kọ́kọ́ sọ fún wa pé Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òun ti wá, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òun sì ń lọ. Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Mímọ̀ ló ṣáájú aṣọ ìnura. Ẹni tí kò dá lójú pé ọmọ onílé ni òun, òun ni títẹ̀ba máa ń tì lójú, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí àwọn ènìyàn bá rí òun nílẹ̀, wọn yóò ṣèèṣì pe òun ní ẹrú. Ọmọ tó mọ̀ pé ọmọ ni òun lè gbálẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ó máa kọrin sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá rí aṣáájú tí kò lè mú ọwọ́ kan ohun tó kéré, ẹ má yára pè é ní agbéraga. Nígbà mìíràn, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ní ìlú wa yìí

Abẹ́òkúta kọ́ ló yẹ kó ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1821 ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣòogùn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Sàró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Samuel Àjàyí Crowther ti di àlùfáà, ìlú yìí ni iṣẹ́ gbé e wá, níhìn-ín ló sì ti rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọn kò fojú kan ara wọn. Èmi kì í lè sọ ìtàn yìí kí ọkàn mi má rú. Ẹni tí wọ́n ti fi ipá sọ di ẹrú rí, tó mọ bí ọrùn ṣe ń rí nínú ẹ̀wọ̀n, ló fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ìránṣẹ́ fún àwọn ènìyàn tirẹ̀. Iṣẹ́ tó gùn jù tó jẹ́ fún wa, iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni: ó jókòó ti ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó ń tú Ìwé Mímọ́ sí i, ìwé Róòmù sì jáde ní 1850. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ kò lè ṣe bí ọ̀gá. Ó gbọ́dọ̀ lọ tẹ́tí sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ìbáà jẹ́ ìyá arúgbó tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì nínú ìwé.

Ilé ìwòsàn tó wà ní Lantoro títí dòní náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àlùfáà ìjọ Àgùdà ni Fadá Jean-Marie Coquard, ìwàásù ni wọ́n torí ẹ̀ rán an wá láti ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ìlú yìí rán an níṣẹ́ mìíràn. Ó gbà á, ilé ìwòsàn náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1895.

Èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni ti Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ẹ mọ ẹni tí ó jẹ́ kí ó tó di gbajúmọ̀: ìyàwó àlùfáà, olùkọ́, obìnrin tó ti kàwé ní Ìlú Ọba láti 1919 sí 1922. Ní 1932, ọdún tí ọkọ rẹ̀ di ọ̀gá àgbà ní Abeokuta Grammar School, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó kàwé bíi tirẹ̀. Ẹgbẹ́ dáradára ni. Bí ó bá dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Nígbà tó di 1944, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń jáde bí ènìyàn bá ti jókòó ti ara wọn: lẹ́nu ìwé kíkà yẹn ni wọ́n ti sọ fún un pé àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn, pé owó orí ń ni àwọn lára. Wọ́n rán an níṣẹ́. Olùkọ́ di ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rán. Ó pa aṣọ òyìnbó tì, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá bí àwọn obìnrin ọjà, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà wò ó pé òun kò tó ẹni tí í bá a sọ̀rọ̀. Ní 1946, ẹgbẹ́ kékeré yẹn ti di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta, ohun tí wọ́n sì ṣe lórí owó orí, ẹ ti gbọ́ ọ. Gbogbo wa la máa ń sọ ti ìjà náà. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni ohun tó ṣáájú ìjà: ó gbà kí àwọn tí ó ju lọ nínú ìwé rán òun níṣẹ́.

Ọlọ́dẹ àti lẹ́tà rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí àwọn ẹni ńlá, kí n sọ ti ara mi. Ní ọdún tí mo wà ní ipò igbákejì ọ̀gá ní ilé ẹ̀kọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan ń ṣọ́ ẹnu géètì wa. Kò mọ̀wé kà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí mo ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ṣí fìlà, ó yọ lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rá wé e kí òógùn má baà bà á jẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀." Mo ní, "Bàbá, ìpàdé ni mò ń lọ, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán." Ní ọ̀sán, àlejò wà lọ́dọ̀ mi, akọ̀wé mi ní kí ó máa lọ ná. Ó tún wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iṣẹ́ pọ̀ níwájú mi. Ó lè gbé e fún ẹlòmíràn kà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni, ó sì gbà pé ọwọ́ ẹni tó mọ̀wé jù lọ ló yẹ kí ó wà.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tó tú ọ̀rá náà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ló pe ọmọbìnrin rẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, lẹ́tà sì gba àdírẹ́sì wa wá. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni Ọjọ́rú. Àná.

Bàbá ní kí ni wọ́n sọ. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́. Ó gba lẹ́tà náà, ó fi ọ̀rá wé e padà bí ó ṣe wà, ó ní, "Ẹ ṣeun mà, ẹ kú wàhálà," ó sì padà sí ẹnu géètì. Ní ọjọ́ kejì mo gbéra, mo lọ bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ti pa ìwé dé. Ọdún kan gbáko ni ọmọ náà fi jókòó sílé nítorí iṣẹ́ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìpàdé tí mo sáré lọ ní ọjọ́ Ajé yẹn, n kò rántí ohun kan ṣoṣo tí a sọ níbẹ̀. Lẹ́tà náà, mo lè kà á fún yín láìwo ìwé.

Nínú ìjọ wa, mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọ̀sẹ̀ ìjìyà Olúwa nígbà náà. Ọdọọdún ni a ń ṣe ìrántí ẹsẹ̀ fífọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ mímọ́. Ọdún yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn tí a yàn kí a fọ ẹsẹ̀ wọn ti fọ̀ ọ́ láti ilé wá, wọ́n ti fi òróró pa á, ó ń dán. N kò bá wọn wí, ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo omi tó mọ́ gaara nínú àwokòtò lẹ́yìn tí a fọ ẹsẹ̀ tán, mo sì ń rántí fìlà bàbá yẹn. Ẹsẹ̀ tó dọ̀tí ti wá sí ẹnu ọkọ̀ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ní kí ó di ọ̀sán.

Láti ìgbà náà, mo gbé bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn mi. Láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ló lè wá rán mi níṣẹ́, ìbáà ṣe ẹni tó ń gbálẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nílé àti nídìí iṣẹ́

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin bàbá, ta ló lè rán yín níṣẹ́ nínú ilé? Bí aya yín bá ń ṣàìsàn, ǹjẹ́ ó lè ní kí ẹ po ẹ̀kọ fún òun, àbí ó gbọ́dọ̀ dúró de ọmọ kí ó ti ilé ìwé dé? Ẹ̀yin ìyá, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé pẹ̀lú yín, ǹjẹ́ ó lè sọ pé, "Mà, ẹ bá mi ra oògùn, orí ń fọ́ mi," kí ó sì dá a lójú pé ẹ óò rà á? Lẹ́yìn àjíǹde, Jésù dáná ní etí òkun, ó yan ẹja, ó sì pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ mọ́jú kí wọ́n wá jẹun. Ẹni tó ti ṣẹ́gun ikú ló ń dáná oúnjẹ àárọ̀ yẹn.

Ní ti iṣẹ́, ìyá mi kọ́ṣẹ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ ìyá kan nígbà tí àwọn aládìrẹ Ìtòkú ṣì ń pọn omi lórí. Omi pípọn ló ń pa ọmọ iṣẹ́ jù, nítorí a kì í fi omi díẹ̀ ṣan aṣọ tó ti inú aró jáde. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbàkigbà tí àwọn bá dé ní òwúrọ̀, àwọn á bá ipasẹ̀ ọ̀gá àwọn lórí ilẹ̀ tí omi ti rin: ó ti pọn omi àkọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Kò fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ọjọ́ kan tí ọmọ iṣẹ́ kan bi í léèrè ìdí, ó ní, "Ẹni tó bá pọn omi ló mọ iye tó yẹ kí a dà nù." Mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀. Ọ̀gá tí kò pọn omi rí á ní kí wọ́n tún aṣọ ṣàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́nu tirẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni.

Nehemáyà mọ èyí. Ọdún 12 ló fi jẹ́ gómìnà ní Júdà tí kò jẹ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹrù ti wúwo lórí àwọn ènìyàn náà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ náà o. Kò sí òfin tó ní kí ó má jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì ìjọba láàrin wa, mo fi ìtàn yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ta ni à ń wàásù rẹ̀ fún?

Ohun kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó jókòó. A sábà máa ń mú ẹ̀kọ́ yìí lọ bá ẹni tí kò yẹ kí a mú un lọ bá. A ń wàásù ìránṣẹ́ fún ìyàwó ilé tó jí ní aago mẹ́rin. A ń wàásù rẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó ń gba owó tí kò tó owó ọkọ̀, a ní kí ó fara dà á, Jésù náà fara dà á. Ará mi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jiyàn ipò ni Jésù mú aṣọ ìnura lọ. Nígbà tí Réhóbóámù gorí ìtẹ́, àwọn àgbà kò lọ sọ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n túbọ̀ sìn. Ọba ni wọ́n sọ fún pé, bí ìwọ bá ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn ènìyàn yìí lónìí, wọn yóò jẹ́ tìrẹ títí láé. Ọba kọ̀, ó sì pàdánù ẹ̀yà mẹ́wàá.

Ẹ má sì ṣì mí gbọ́ pé gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán wa ni a ó jẹ́. Nígbà tí àwọn èrò fẹ́ fi ipá mú Jésù jọba, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó gun orí òkè lọ. Ìránṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ rán an. Ẹni tó ní kí o bá òun yí ìwé owó ìjọ, tàbí kí o bá òun bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀, iṣẹ́ kọ́ ló rán ọ, ó fẹ́ sọ ọ́ di ẹrú ni.

Alága, mo rí i pé àkókò ti lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó to àga wọ̀nyí ti wà níhìn-ín láti aago mẹ́fà àárọ̀, bí a bá sì tú ká, àwọn náà ni a ó fi sílẹ̀ pé kí wọ́n kó o, nígbà tí oúnjẹ bá ti kan gbogbo àlejò. Kí n tó gun orí pèpéle yìí, mo lọ bá olórí wọn, mo ní kí ó rán mi níṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní rárá mà. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ìgbà kẹta ló tó wo ilẹ̀, tó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ bá wa kó ìlà ẹ̀yìn, mà." Ìlà ẹ̀yìn ni tèmi. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín.